Bàtà ni ká kọ́kọ́ wò: ìtọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀ tó le àti bí a ṣe ń ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu

Ìyá kan tó ń ta ata ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, gbé bàtà kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá pé kí n bá òun tẹ́ fóòmù sí i nínú. Ó ní bí òun bá ti ń tẹ ilẹ̀, àfi bíi pé òun tẹ òkúta. Mo ní kí ìyá bọ́ bàtà kí n wo ẹsẹ̀ náà. Lábẹ́ àtàǹpàkò, awọ ti nípọn, ó ti le bí ìkarahun ìgbín, nígbà tí mo sì fi èékánná kàn án, ó ń dún kò, kò. Ẹ̀gbẹ́ ìka ọmọdinrin náà ti le. Ìyá ní òun ti fi bíléèdì gé e títí ó fi sú òun, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń padà.

Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo ní kí ìyá dúró lé e, mo fi báírò ya ẹsẹ̀ rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà ni mo gbé bàtà lé orí ohun tí mo yà. Bàtà kò bo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ yọ síta lápá méjèèjì, ti apá ìka ọmọdinrin sì tó ìbú ìka kan gbáko. Ìyá tẹjú mọ́ páálí náà, kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ló ní, "Ọmọ mi, inú ibi tóóró yìí ni mo ti ń ti ẹsẹ̀ mi bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá?"

Tíṣà tó ń dúró nídìí pátákó láti àárọ̀, àgbẹ̀ kòkó tó ń fi bàtà òjò rìn lóko Ìdànrè àti Oǹdó, ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti géètì dé kíláàsì, gbogbo wọn ló ń gbé irú ẹsẹ̀ yìí wá bá mi, oògùn ni wọ́n sì máa ń bèèrè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Awọ tó le kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti ń tẹ ara tàbí tó ń ha á lójoojúmọ́, ara á máa fi awọ lé awọ níbẹ̀ kí ẹran abẹ́ rẹ̀ má baà bó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń di ọkọ́ mú. Tí a bá gé awọ náà lónìí, tí a tún ti ẹsẹ̀ bọ bàtà àná lọ́la, ara á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe máa to ìgbésẹ̀ yìí nìyí: ká mọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀, ká mọ bàtà tó fà á, ká rọ awọ náà, ká wá ra bàtà tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ yín

Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ dáadáa lè gbé dígí sílẹ̀ fi wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kó ní kí ọmọ ilé bá òun wò ó.

Awọ tó kàn le lásán máa ń fẹ̀, ó máa ń ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, etí rẹ̀ kì í hàn gedegbe, kì í sì í sábà dun ni púpọ̀. Èyí tó dà bíi kókó yàtọ̀: ó kéré, ó rí roboto, àárín rẹ̀ le bí ìdí èèkàn, orí tàbí ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìka ló sì máa ń wà jù. Ìyẹn máa ń dunni gan-an tí a bá tẹ̀ ẹ́ wọlé tààrà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ó lè jọ awọ tó le, ṣùgbọ́n ilà ara tó wà lára àtẹ́lẹsẹ̀ kì í kọjá lórí rẹ̀, ẹ ó sì rí àmì dúdú wínníwínní nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì fún un láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Tí ìyẹn bá dùn yín ju kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe fi òkúta ìfọsẹ̀ ha èyí o, torí ó lè ràn dé ibòmíràn lára, ó sì lè ran ẹlòmíràn nínú ilé. Ẹ lọ fi han dókítà.

Ti gìgísẹ̀ tó là kò ṣòro dá mọ̀, àgàgà nígbà ọyẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ẹsẹ̀ bí ẹni ka ìwé

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí pé ibi tí awọ ti le ló ń sọ ohun tó ṣe bàtà.

Tó bá jẹ́ abẹ́ iwájú ẹsẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, ẹ wo gíga bàtà. Bàtà gogoro máa ń da ìwúwo ara síwájú, gbogbo rẹ̀ á wá dojú kọ ibì kan ṣoṣo. Èyí tó bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹ jẹ́ kó wà fún òde wákàtí díẹ̀, kó má ṣe jẹ́ bàtà ibi iṣẹ́. Sílípáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán náà ń fa irú èyí, torí pé kò sí ohun tó tún gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìka ọmọdinrin tàbí ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, bàtà fún níwájú. Ẹni tó bá wá ra nọ́ḿbà tó tóbi sí i nítorí èyí kò tíì rí ojútùú, torí gígùn ló fi kún un, ìbú ló sì nílò. Bàtà á gùn, ẹsẹ̀ á máa yọ́ síwájú nínú rẹ̀, á sì tún lọ há sí ibi tóóró náà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe àṣìṣe yìí.

Orí ọmọ ìka ńkọ́? Bàtà ti kúrú, tàbí òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ọmọ ìka á ká kò bí ẹni tó sùn lórí ibùsùn kúkúrú, eegun rẹ̀ á sì máa fi orí gbá awọ bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, àwọn èèyàn máa ń rò pé bàtà há ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó tóbi ni. Gìgísẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń ha. Tó bá jẹ́ etí gìgísẹ̀ yíká ló gbẹ tó sì le, ẹ wo sálúbàtà tí kò ní ẹ̀yìn, àgàgà èyí tí gìgísẹ̀ yọ kọjá etí rẹ̀. Kò sí ohun tó kó ẹran gìgísẹ̀ jọ, ó ń tẹ́ síta, awọ gbígbẹ ò sì lè nà, ló fi ń là. Tó bá wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, okùn sílípáàsì nìyẹn.

Bí awọ bá le níbi tí bàtà kankan kò kàn rárá, tàbí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìka irú bàtà tí ẹ wọ̀ sí, ìrìn yín tàbí eegun ẹsẹ̀ ló fẹ́ àyẹ̀wò. Ìyẹn kọjá ọwọ́ aránbàtà.

Kí a tó fọwọ́ kàn án: àwọn tí kò gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra wọn

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tàbí tó ń rìn ín wínníwínní, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, mo bẹ̀ yín, ẹ fo ìgbésẹ̀ kẹta. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba iṣan tí a fi ń mọ ìrora jẹ́. Èèyàn lè tẹ ìṣó kó má mọ̀. Egbò lè ti wà lábẹ́ awọ tó nípọn kó má hàn síta, ọgbẹ́ kékeré sì lè di ohun tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ gé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa gbọn bàtà kó sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kó má rìn láìwọ bàtà kódà nínú ilé, kó sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn bá òun gé awọ náà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní Oǹdó.

Ẹnikẹ́ni tí ibẹ̀ bá ti pọ́n, tó wú, tó gbóná, tó ń ṣoyún tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn náà ni, ì báà ní àtọ̀gbẹ, ì báà má ní.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ rọ awọ náà díẹ̀díẹ̀

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́. Ìgúnpá ni kí ẹ fi wò ó, kó má gbóná jù. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí awọ á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkúta ìfọsẹ̀, èyí tó fúyẹ́ tó sì ní ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, rọra ha á sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ má fi agbára ṣe é, ẹ má sì ní kó tán lọ́jọ́ kan. Tí ojú ibẹ̀ bá ti ń pọ́n tàbí tó ń ta yín, ó ti tó. Ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Kí olúkúlùkù ní òkúta tirẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a gbẹ.

Mo mọ̀ pé símẹ́ńtì ilé ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá wa ń ha gìgísẹ̀ mọ́. Ibi ìdọ̀tí ni, kì í sì í dọ́gba, ó lè ya ẹsẹ̀ níbi tó ti là tẹ́lẹ̀. Òkúta ìfọsẹ̀ kò wọ́n.

Ẹ nu ẹsẹ̀, kí àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi òrí pa á nígbà tí awọ ṣì tutù díẹ̀. Òrí dára, àdí àgbọn náà ṣe é lò, fásilíìnì sì wà fún ẹni tí òórùn òrí kò bá lára mu. Ẹ má fi sí àárín ọmọ ìka, torí ọ̀rinrin níbẹ̀ máa ń mú kó rà. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn mọ́jú. Ẹni tí tirẹ̀ bá nípọn gan-an lè bèèrè ìpara tó ní urea, èròjà tó ń rọ awọ, nínú lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ oògùn ní ilé oògùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa gbà kí ẹ tó rí ìyàtọ̀, nítorí náà ẹ ní sùúrù.

Ẹ gbé bíléèdì jìnnà sí ẹsẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tó gé tirẹ̀ wọ inú ẹran, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Báńdéèjì olóògùn tí wọ́n ń tà fún kókó ẹsẹ̀ náà, èyí tó ní salicylic acid, kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín awọ tó le àti awọ tó dára. Méjèèjì ló ń jẹ. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ gé e kó má ju kókó náà lọ, alátọ̀gbẹ kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín

Àgbàlagbà tó ń wọ nọ́ḿbà tó ti ń wọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama pọ̀ lọ jàra. Ẹsẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló ń tẹ́ tó sì ń fẹ̀, oyún náà sì máa ń mú kí ẹsẹ̀ obìnrin gùn tàbí kó fẹ̀ sí i, nígbà mìíràn kì í sì í padà sípò lẹ́yìn ìbímọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àti ìdúró ọjọ́ kan. Ẹ tẹ́ páálí mọ́ ara ògiri, kí ẹ dìde dúró lé e, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹlòmíràn bá yín ya ẹsẹ̀ yíká. Báírò gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó má wọlé sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn gígùn láti ògiri dé orí ìka tó gùn jù. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni àtàǹpàkò rẹ̀ gùn jù o, ti ẹlòmíràn, ìka kejì ni. Ẹ wọn ìbú náà níbi tó ti fẹ̀ jù. Ẹ ṣe é fún ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ mú èyí tó tóbi. Tí èyí tó kéré bá wá ń yọ́ nínú bàtà, a lè tẹ́ nǹkan sí i, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè gé lára ẹsẹ̀ tó tóbi.

Nọ́ḿbà 38, 39, 40 tó wà lábẹ́ bàtà jẹ́ ti Yúróòpù. Ẹ mú gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 1.5 kún un kí ọmọ ìka lè rí ibi mí, kí ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 1.5. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ 24.5 á di 26, ìlọ́po rẹ̀ sì jẹ́ 39. Nọ́ḿbà kan sí èkejì kò ju bíi mílímítà 7 lọ, nítorí náà ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ḿbà jẹ́, torí 39 ilé iṣẹ́ kan lè fún ju 39 òmíràn lọ.

Ẹ gé páálí náà ní ìrísí ẹsẹ̀ yín, ẹ kó o sínú báàgì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lọ́jà

Bóyá ọ̀nà Ọba Adéṣidà lẹ ti fẹ́ ra tuntun ni, tàbí ẹ fẹ́ ṣa òkìríkà nílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ohun kan náà ni ẹ máa ṣe. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú irú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa fi wọ̀ ọ́ dání.

Kí ẹ tó wọ̀ ọ́ rárá, ẹ gbé páálí lé abẹ́ bàtà. Tí ó bá yọ síta lápá ibì kan, ẹ gbé e padà. Bí ohun tí wọ́n tẹ́ sínú bàtà bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lé e, ìyẹn tún dára ju ti abẹ́ lọ. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú bàtà dé ọ̀gangan orí ọmọ ìka, kí ẹ fi ìka wá ojú rírán tó le, gọ́ọ̀mù tó gbẹ, tàbí orí ìṣó. Ẹ di bàtà mú ní iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọmọ ìka ti ń ká ló yẹ kó ti ká. Èyí tó bá ká láàárín gbùngbùn kò lè gbé yín, èyí tí kò sì ká rárá á máa bá ẹsẹ̀ jà.

Ẹ wọ méjèèjì, ẹ so okùn rẹ̀, ẹ dìde. Àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù. Ẹ mi ọmọ ìka nínú rẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wọn lè jó. Ẹ rìn dáadáa, kì í ṣe ìṣísẹ̀ méjì orí páálí tí olùtajà tẹ́ sílẹ̀. Bí àtẹ̀gùn tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá wà nítòsí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń tú àṣírí bàtà kúkúrú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, máa ń sọ fún mi pé gígun òkè kò dun àwọn lẹ́sẹ̀ tó bíi bíbọ̀ wálẹ̀, torí nígbà yẹn ni ẹsẹ̀ ń rọ́ síwájú tí èékánná ń gbá bàtà.

Olùtajà á ní, "Ẹ máa mú un lọ, á nà tó bá yá." Awọ gidi máa ń nà díẹ̀ ní ìbú, kì í gùn sí i. Awọ oníke kì í nà, ṣe ló máa ń bó. Bàtà tó bá há lọ́jà, ẹ má rà á, bó ti wù kó rẹwà tó, bó ti wù kó bá aṣọ ẹbí mu tó.

Ti òkìríkà ní ohun kan lọ́tọ̀: ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti kọ ara rẹ̀ sínú bàtà náà. Ẹ wo abẹ́ gìgísẹ̀. Tó bá ti jẹ sí apá kan, bí ẹni náà ṣe ń rìn ni ẹ̀yin náà á máa rìn. Ẹ gbé e lé ibi títẹ́jú kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Èyí tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ohun tí ẹ lè ní kí aránbàtà ṣe

Bàtà awọ gidi tó fún díẹ̀ lápá kan, a lè fi láàsì, igi onírìísí ẹsẹ̀ tí aránbàtà ń lò, nà án fún ọjọ́ bíi méjì. A lè tẹ́ fóòmù sínú èyí tó le, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fóòmù á jẹ nínú àyè tó wà. Ìdí tí mi ò fi bá ìyá aláta tẹ́ ẹ nìyẹn, torí bàtà tó ti há, fóòmù á tún mú kó há sí i ni. Fún sálúbàtà, a lè tú okùn ká sì sún un síta. Tí ẹ bá fẹ́ rán tuntun, ẹ gbé páálí wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìbú àti òkè ẹsẹ̀, ẹ fi ibi tó le hàn, kí ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ fi ń dúró lójúmọ́. Aránbàtà tó bá ní nọ́ḿbà nìkan ti tó òun, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bàtà tuntun, wákàtí kan sí méjì lójúmọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wọ̀ ọ́ nílé. Ẹ ní méjì tí ẹ ó máa pààrọ̀, kí òógùn inú ọ̀kan lè gbẹ. Èyí tí òjò bá pa, ẹ ki ìwé ìròyìn sí i nínú, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná. Ti àwọn ọmọdé, ẹ máa tẹ iwájú bàtà ilé ẹ̀kọ́ wọn wò ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta síra wọn, torí ọmọ kì í sábà sọ pé bàtà ti há.

Sálúbàtà awọ tó fẹ̀ níwájú, tó ní okùn lẹ́yìn, ni mo rán fún ìyá aláta. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn bíi oṣù méjì, ó jókòó, ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ti ẹ̀gbẹ́ ìka ọmọdinrin ti lọ pátápátá. Ti abẹ́ àtàǹpàkò ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́lẹ́, èékánná kàn án, kò dún mọ́. Páálí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì kọ ọjọ́ tí mo yà á sí i lára. Tó bá pé ọdún kan, màá tún un yà.